Àkọsílẹ̀ kànga ẹ̀rọ ìjọba ìbílẹ̀: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀kaÈtò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ àwọn kànga ẹ̀rọ rẹ̀ síta, kí ará ìlú lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Fáìlì Excel mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọwọ́ ẹni mẹ́ta ló kọ ọ́. Orúkọ àdúgbò ò bára mu. Ṣé ká kọ́kọ́ ra sọ́fútíwia ni?

Ayàwòránilẹ̀: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni QGIS, tó ń ya máàpù, àti OpenRefine, tó ń tún dátà ṣe. Ẹ fi wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo dán an wò, kẹ́ ẹ sì ní ìbéèrè kan lọ́wọ́: kànga wo ló bàjẹ́, tí kò sí òmíràn láàárín mítà 500 sí i?

Kànga kan, ìlà kan, nọ́ńbà kan tí kò ní yí padà. Ẹ ya latitude (ìwọ̀n sí àríwá tàbí gúúsù) àti longitude (ìwọ̀n sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn) sọ́tọ̀. Ní Ìbàdàn, 7.4 ni latitude, 3.9 ni longitude. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, inú òkun lápá gúúsù Bonny ni kànga rẹ̀ á bọ́ sí. Máàpù àtijọ́ àwọn sọ̀fíyọ̀ sábà máa ń wà lórí Minna, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà, GPS fóònù sì wà lórí WGS 84, èyí tí gbogbo ayé ń lò. Bẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀ láìsọ fún QGIS, kànga á fi nǹkan bíi mítà 100 yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Kẹ́ ẹ tó wọn mítà 500 yẹn, ẹ gbé e sórí EPSG:32631, ètò ìwọ̀n tó ń lo mítà, torí degree ni EPSG:4326, ètò tí GPS ń lò, fi ń wọn nǹkan.

Olóhùn: Orúkọ àdúgbò ló máa jẹ àkókò yín jù. Ọ̀nà bíi mélòó kan ni wọ́n ń gbà tẹ "ọ̀": ojú wa rí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà kà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú OpenRefine, ẹ yan Jython (èdè kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú rẹ̀), kẹ́ ẹ kọ èyí, tó máa sọ gbogbo ọ̀nà ìtẹ̀ yẹn di ọ̀kan:

import unicodedata
return unicodedata.normalize('NFC', value)

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó lo Cluster, tó ń kó orúkọ tó jọra pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gbà pé kó da gbogbo rẹ̀ pọ̀! Fingerprint, ọ̀nà kan tí Cluster fi ń ṣe é, máa ń bọ́ àmì ohùn kúrò, àdúgbò méjì tó jẹ́ ohùn ló yà wọ́n lè di ọ̀kan. Ẹ wo GPS wọn ná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ láti inú Excel, "CSV UTF-8" ni kẹ́ ẹ mú, CSV lásán á sọ "ẹ" di "?".

Alábòójútóomi: Ẹ tún wo "ó ń ṣiṣẹ́" yẹn. Ẹnì kan lè kọ ọ́ torí pé ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíì torí pé omi yọ lọ́jọ́ náà. Ẹ pín in sí mẹ́ta: omi ń yọ; ẹ̀rọ wà, omi ò yọ; wọ́n ti tú ẹ̀rọ lọ. Kí ọjọ́ àyẹ̀wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báyìí (ọdún, oṣù, ọjọ́): 2024-04-03.

Èyí tí kò bá ní GPS, ẹ fi KoboToolbox, fọ́ọ̀mù orí fóònù, lọ gbà á. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ dúró sí, títí accuracy (ìwọ̀n àṣìṣe GPS) á fi wálẹ̀ sí mítà 5. Ẹ yọ nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń ṣọ́ kànga kúrò kó tó jáde, òfin ààbò dátà ọdún 2023 kàn án. Kẹ́ ẹ wá kọ CC BY 4.0 sí i, ìyẹn àṣẹ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó ṣáà dárúkọ ẹni tó ni ín, kí ẹni tó fẹ́ lò ó má bàa máa wá ẹni tó máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.