Ọmọ ta ni? Ohun tí ojú mi rí ní láàbù n'Ílọrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà lórí ọ̀rọ̀ ta ló lọmọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ oyún Steffy gbòde nínú The Bold and the Beautiful, eré àtìgbàdégbà Amẹ́ríkà, lórí fóònù la ti ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí wa ní Gáà Àkàǹbí. Steffy ń fẹ́ Finn, ó bá Liam sùn, oyún dé. Àyẹ̀wò DNA, tó ń fi bàbá ọmọ hàn, ní Liam ló ni oyún náà. Irọ́ gbuu! Vinny tó ń ṣiṣẹ́ láàbù, ọ̀rẹ́ Thomas arákùnrin Steffy, ló yí èsì náà padà. Finn ló lọmọ.

Alhaja kan ní kí la ń jà sí, ṣebí ẹni tó ni ibùsùn ló lọmọ, bí àwọn álífáà ṣe máa ń wí. Ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Ibùsùn ta? Ta ló so yìgì?" Òótọ́ ni, Finn ò tíì gbé Steffy níyàwó nígbà yẹn, Liam sì ní Hope nílé. Alhaja ní ó di ọmọ ìyá ẹ̀ nìyẹn. Ariwo ta!

Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ láàbù, Vinny ni mò ń bú ní tèmi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá kan wọlé tọ̀ wá ní láàbù, ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù ọmọ ẹ̀ wò, AS ló jáde. "AA lèmi, AA nìyàwó mi. Níbo ni S ti wá?" Ìbéèrè gidi ni o. Ọmọ a máa gba lẹ́tà kan lára ìyá, ọ̀kan lára bàbá. AA méjì kì í bí AS. Ó ti múra àtikó ẹrù obìnrin náà síta.

Mo ní kó mú ìwé tiẹ̀ wá. Ìwé tó ti gbó, tó gbà nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Mo ní ká fa ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà. Ó ń kùn pé owó òun ni mò ń wá.

AS ló jáde. Mo tún un ṣe, AS náà ni.

"Bàbá, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni S ti wá." Mo ṣàlàyé fún un pé èyí kì í ṣe DNA, kò lè fi hàn pé òun ló bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó gbé dání ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó dákẹ́ títí. Lójijì ló bi mí: "Bí ìwé ti ìyàwó mi náà bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?" Ọlọ́gbọ́n ni. AS méjì lè bí SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn sickle cell.

Ó mú ìyàwó ẹ̀ wá. Obìnrin náà ń bi mí ohun tó fà á. Mo ní a máa ń tún un yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ ni. AA ni tiẹ̀.