Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: motherboard (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà) wo ni kí n rà ní Ìlọrin, kíákíá?

Onítẹ̀wé Táńkẹ̀: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kú láàárọ̀ yìí. Prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ Unilorin wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Mo ti ń gbèrò tẹ́lẹ̀ pé kí n gbé e sókè díẹ̀, kí n kúkú ṣe é pọ̀. Bọ́ọ̀dù wo ló dáa? Ibo ni mo ti lè rí i lónìí?

Ọmọ Gáà Àkàǹbí: Èló ló wà lọ́wọ́ yín? Processor wo, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yẹn, ló wà nínú ẹ̀? Ta ló ń ra fìlà fún orí tí kò rí?

Ẹnjiníà Òmù-Àrán: Ẹ lọ sí Táíwò, ẹ bèèrè bọ́ọ̀dù B450 pẹ̀lú processor Ryzen 5 5600, ó parí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. 2018 ni B450 jáde, 2020 ni ìdílé Ryzen 5000, tí 5600 wà nínú ẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí BIOS rẹ̀, ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù, bá ti pẹ́ jù, fáànù á máa yí, skríìnì ò ní tàn.

Ọmọ Ìpàta: 5600 lásán ò ní graphics tó ń gbé àwòrán sí skríìnì nínú. 5600G ni kí wọ́n rà, àbí ẹ̀yin lẹ máa bá wọn ra káàdì graphics?

Ẹnjiníà Òmù-Àrán: Káàdì àlòkù kékeré wọ́n ni?

Ìyá Sùlì: Ẹ̀ ń pariwo Táíwò, Táíwò. Bọ́ọ̀dù Intel ni mo rà níbẹ̀. Ike dúdú tó bo ojú socket, ibi tí processor ń jókòó sí, wọn ò jẹ́ kí n ṣí i, wọ́n ní eruku á wọ̀ ọ́. Mo délé, mo ṣí i, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lápá igun kan, pín méjì, àwọn irin tín-ín-tín inú ẹ̀, ti tẹ̀, ọ̀kan dùbúlẹ̀ lé èkejì. Mo gbé e padà kíá. Ọmọ yẹn ò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, "Màmá, ó dáa nígbà tẹ́ ẹ gbé e kúrò níbí." Wàlláhì, owó mi wọgbó.

Ọmọ Gáà Àkàǹbí: Ha! Ṣọ́ọ̀bù wo nìyẹn?

Ìyá Sùlì: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà ṣí ike yẹn kí ẹ tó sanwó.

Oníṣọ́ọ̀bù Challenge: Màmá, ẹ má bínú o, ẹ̀yin oníbàárà náà ń ṣe wá. Ẹlòmíì á já processor bọ́ lé pín lórí nílé, á wá bá wa jà. Báwo la ṣe fẹ́ mọ òótọ́?

Ìyá Sùlì: Ẹ ṣí i lójú oníbàárà, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìpàta: Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ kan B450. Socket AM4 ló ní, ara processor ni pín tiẹ̀ wà.

Ìyá Sùlì: Ìyẹn náà ò lè tẹ̀?

Alágbàdo: Kí ló pa ti àkọ́kọ́ gan-an? Ìnífátà ni kí ẹ rà. Bí iná bá tún gòkè lójijì, tuntun náà á lọ.

Ọmọ Sáńgó: Mo ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún títà, ẹ pè mí.

Onítẹ̀wé Táńkẹ̀: Ẹ má bínú, ọjà ni mò ń ná. HP EliteDesk 800 G1 ni, processor Intel i5-4570 ló wà nínú ẹ̀, RAM (ìrántí ẹ̀) 8GB.

Àgbà Ọ̀fà: Látàárọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o ò tètè sọ. Páwà HP yẹn, àpótí tó ń fún un níná, kì í ṣe oní-24 pín tí bọ́ọ̀dù ọjà ń lò, onípín mẹ́fà ni. RAM rẹ, irú DDR3 ni. DDR4 ni B450 ń gbà. Wàá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, processor, RAM àti páwà, kẹ́ẹ̀sì náà á sì fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Odidi kọ̀ǹpútà lo fẹ́ rà yẹn. Yọ RAM náà ná, fi írésà nu ojú rẹ̀ tó ń dán, tẹ̀ ẹ́ padà kó dún "ká". Ó lè má tíì kú.

Ẹnjiníà Òmù-Àrán: Ìgbà wo ló fẹ́ lo Intel ìran kẹrin yẹn dà? Windows 11 ò gbà á, October 2025 ni Microsoft sì fi Windows 10 sílẹ̀. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sinmi.

Àgbà Ọ̀fà: Lówó ta?

Onítẹ̀wé Táńkẹ̀: Ẹ ṣé o. Mo nu RAM, kò gbọ́. Àbúrò ìyàwó mi ní EliteDesk kan náà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ẹ̀lì ẹ̀, mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo gbé hard disk mi sínú ẹ̀, ó tàn. Ìwé ti ń jáde.

Ọmọ Gáà Àkàǹbí: i5 kan náà? Ìgbésókè wo wá nìyẹn?

Onítẹ̀wé Táńkẹ̀: Ó dọdún tó ń bọ̀, Ìnṣá Àllá.

Ìyá Sùlì: Ṣé o ṣí i wò kó o tó sanwó?

Onítẹ̀wé Táńkẹ̀: Màmá, àna mi ni!

Ìyá Sùlì: Ehn. Ó kúkú ní pín.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Èyí tó kú ńkọ́? Fáànù ẹ̀ ni mò ń wá. Mò ń bọ̀ ní Ìlọrin lọ́jọ́ Jímọ̀.