Ọyẹ́ dé, ìka mi tún ti yí àwọ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, kí lojú yín rí?

Bọ́sún Àgbà, Òkè Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ọmọ Àjílété. Láàárọ̀ yìí mo fa omi nínú kànga, kí n tó bọ́jú tán, ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti yí àwọ̀. Kì í ṣe funfun bí ẹfun o, àwa adúláwọ̀ kì í funfun báyẹn. Eérú ló jọ, bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eruku Tákíè láìpara. Mo fi eyín há a, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀, ìgbà tó sì padà, àfi bí ẹni pé mo ki ọwọ́ bọ ata.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ níṣojú àwọn ará ilé, ọdún Kérésì ni mo wá ṣe. Ìyá mi rí i, kò sọ nǹkan kan. Alẹ́ ló wọlé tọ̀ mí, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní, "Ọmọ mi, ta lo bá jà lójú omi?" Bùrọ̀dá mi ní tiẹ̀ ń wo ọwọ́ náà bí ọwọ́ adẹ́tẹ̀, ó fọgbọ́n gbé àwo ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́bàá tèmi. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ta ló mọ needle gun ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Omi òkun níyọ̀, irin ọkọ̀ kì í sì í yé dógùn-ún. Iṣẹ́ àwa tá a wà lórí dẹ́ẹ̀kì, ìta òkè ọkọ̀ (bọ́sún ni olórí wa), ni ká máa gba ìpẹtà kúrò, ká tún kun irin lọ́dà. Needle gun la fi ń gbà á. Ó rí bí ìbọn, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ irin 28 ló yọrí lẹ́nu èyí tí mo lò pẹ́ jù, wọ́n á sì máa gún irin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń gún irin náà ló ń gún ẹni tó dì í mú.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dì í mú. Lọ́dún kìíní, bí mo bá gbé e sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ mi á máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀ títí n ó fi sùn. À ń fi ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ara wa ni, a ní ọwọ́ ṣì wà níbi iṣẹ́, kò tíì délé. Nígbà tó yá, èèrà ò lọ mọ́ bílẹ̀ bá mọ́. Ìgbà tí ìka wá ń yí àwọ̀, mo lọ bá dókítà nílùú etíkun kan ní Yúróòpù. N kò tíì rojọ́ dé ìdajì tó fi bi mí pé, "Irinṣẹ́ wo lò ń lò?" Ó ní ìgbọ̀nrìrì ló ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ìka jẹ́, àti àwọn iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára. Pé tí òtútù bá ti kàn wọ́n báyìí, wọ́n á fún pinpin, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà. Ó ní bí mo bá fi irinṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lè má burú ju báyìí lọ, àmọ́ kí n má retí ọwọ́ mi àtijọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Wẹ́dà Ọ̀wọ́dé

Bàbá, ẹ kú ewu. Èmi ò wọ ọkọ̀ òkun rí, odò Ọbà lomi tó tóbi jù tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlìn tá a fi ń họ irin ni mò ń dì mú láàárọ̀ títí dalẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ ti ń já nǹkan bọ́ jù o." Mo gbá a létí. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ṣa nọ́ọ̀tì lórí tábìlì, àwọn kéékèèké yẹn, mo ṣa á títí, ojú mi rí i, ìka mi ò rí i. Ọjọ́ yẹn ni mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Díìsìkì tó bá ti jẹ lápá kan, a kì í pààrọ̀ rẹ̀, owó la ń rò. Á máa jó lọ́wọ́ ẹni bí eégún aláré. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbọ̀wọ́ tó nípọn ò ní gbà wá?

Bọ́sún Àgbà

Ẹ wọ̀ ọ́, kó lè mú ọwọ́ yín móoru, kí irin má sì gé yín. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ó máa gba ìgbọ̀nrìrì. Gbogbo wa la wọ ìbọ̀wọ́ nínú ọkọ̀ tèmi, ẹ sáà ti gbọ́ ìtàn mi. Díìsìkì yẹn ni kẹ́ ẹ yọ dànù. Irinṣẹ́ tó ti jẹ tàbí tó ti kú máa ń gbọ̀n ju tuntun lọ, ẹ ó sì tún pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan náà. Ẹ má dì í mú bí ẹni tó mú olè, ẹ jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, òun náà ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láti ọ̀nà tiẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà, Màsífà

Bọ́sún, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ìsàlẹ̀ lèmi wà, nídìí ẹ́ńjíìnì, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló ń gbọ̀n níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti já ẹrù, tí kò rì wọlé dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ ajẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú bó ṣe ń lu ìdí ọkọ̀. Yàrá mi wà lókè rẹ̀ gan-an. Kọ́ọ̀pù tíì á rìn fúnra rẹ̀ láti etí tábìlì kan dé èkejì. Ẹ sùn wákàtí mẹ́jọ, ẹ ó jí bí ẹni tó wọ mólúè láti Èkó dé Ṣókótó.

Lójú aago tó ń ka bí ẹ́ńjíìnì ṣe ń yí, àwọ̀ pupa kan wà níbẹ̀. Ìwọ̀n yíyí tó ń bá ara irin ọkọ̀ mu nìyẹn, gbogbo nǹkan á máa gbọ̀n pọ̀. Ẹni kan kì í dúró síbẹ̀, kíá la máa ń sáré kọjá rẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ṣeré nítòsí ibẹ̀ torí àtidín epo kù. Orúkọ rẹ̀ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi.

Ọkọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn ló là mí lójú. Àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ta, òfin wọn ti 2007 lórí ìgbọ̀nrìrì nínú ọkọ̀ òkun la sì ń tẹ̀ lé. Ìlà méjì ló wà fún ọwọ́. Bí ohun tí ọwọ́ gbà, tá a bá pín in sórí wákàtí 8, bá dé 2.5 m/s² (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ìgbọ̀nrìrì ṣe le tó nìyẹn), ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. 5 m/s² ni ibi tá ò gbọdọ̀ kọjá. Ti gbogbo ara, èyí tó ń gba ilẹ̀ tàbí àga wọlé, jẹ́ 0.5 àti 1.15. Igbákejì ọ̀gá kọ ìṣirò rẹ̀ sórí páálí, ó fi í kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ibi tá à ń kó irinṣẹ́ sí. Irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n ní 10, ààbọ̀ wákàtí lẹ fi dé ìlà kìíní, wákàtí méjì lẹ fi dé ìkejì. Èyí tó ń gbọ̀n ní 20, ààbọ̀ wákàtí péré ti gbé yín dé ìlà kejì. Ẹ rí i pé bí ìgbọ̀nrìrì bá di ìlọ́po méjì, àkókò yín máa ń já sí ìdá mẹ́rin, kì í ṣe ìdajì. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù.

Àkókò tí ìka wà lórí tírígà gan-an la sì ń kà. A máa ń pààrọ̀ ara wa ni: ẹ lo tiyín tán, ẹ bọ́ sídìí ọ̀dà, ẹlòmíì gbà á. Ibi tó bá fẹ̀, omi alágbára la fi ń ṣí ìpẹtà rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé needle gun lọ síbẹ̀. Nàìjíríà náà ti fọwọ́ sí àdéhùn òṣìṣẹ́ ojú òkun tó ń jẹ́ MLC 2006, láti 2013, ìgbọ̀nrìrì sì wà lára ohun tó dárúkọ. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ yín léèrè, ẹ̀tọ́ yín ni.

Bọ́sún Àgbà

Ààbọ̀ wákàtí! Lọ́jọ́ tá a bá ń múra dé èbúté, mo lè dì í mú wákàtí márùn-ún. Ẹ jẹ́ n má ṣírò ó.

Ìyá Ìbejì, Tákíè

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìjókòó. Ọkọ mi ń wa bóòtì tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ń wa epo lórí òkun. Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yìn ni. Ó ní bí bóòtì bá fò lórí ìgbì tó sì bọ́ padà, àfi bí ẹni já lu kọnkéré. Tó bá wálé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn, ọ̀kadà láti Tákíè dé ilé wa, kò lè gùn ún. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, pẹ̀lú ẹrù lórí.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n fún un ní àga tó ní sípíríìngì. Ó ní ó yàtọ̀, òun náà sì ti ń dín eré kù tí ìgbì bá ga, kò sì gba ìgbì níwájú gbọnrangandan mọ́. Àmọ́ ọmọ tó ń ta okùn fún un ṣì ń jókòó lórí pákó. Mo ní ṣé ọmọ yẹn ò lẹ́yìn ni? Ọkọ mi ní òun ti sọ fún ọmọ náà kó máa dìde, kó rọ orúnkún.

Akẹ́kọ̀ọ́, LAUTECH

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kì í ṣe nǹkan òní. Lọ́dún 1918, dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Alice Hamilton, lọ wo àwọn agbẹ́kùúta ní Bedford, ní Indiana, tí wọ́n ń lo òòlù afẹ́fẹ́. Òwúrọ̀ ìgbà òtútù ni ìka tiwọn náà máa ń kú. Bọ́sún, ọyẹ́ tiwọn ni yẹn.

Onísọ́ọ̀, ọ̀nà Ìgbẹ́tì

Ẹ̀yin ará òkun ti lajú jù. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń fi sọ́ọ̀ la igi, ọwọ́ mi le kókó. Ọwọ́ tí kò bá gbọ̀n, ṣé iṣẹ́ ló ṣe?

Wẹ́dà Ọ̀wọ́dé

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn kí n tó gbá ọmọ ọlọ́mọ létí.

Onísọ́ọ̀, ọ̀nà Ìgbẹ́tì

Ẹ má bínú, èmi náà ni. Mo jí bọ́ sóko ní aago mẹ́fà àárọ̀ yìí, ọyẹ́ mú, mo gbé sọ́ọ̀. Mo ṣáà ní kí n wo ọwọ́ mi nítorí yín. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ti di eérú dé oríkèé kejì. Mi ò mọ ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀wọ́ ni mo máa ń wọ̀ láàárọ̀. Bọ́sún, kí ni kí n wí fún dókítà?

Bọ́sún Àgbà

Àbúrò, ẹ má lọ sọ pé ọwọ́ ń dùn yín, oògùn ìrora ni wọ́n máa kọ. Sọ́ọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, àti ọdún mẹ́rìnlá. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìka náà nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀, torí pé tẹ́ ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sàn-án, á ti pọ́n padà.