Iṣẹ́ SMP: báwo ni wọ́n ṣe ń ka jìbìtì tí kò ṣẹlẹ̀?

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú SMP, ìyẹn Senior Medicare Patrol, àwọn tó ń la àgbàlagbà lójú kí àwọn gbájúẹ̀ má baà máa fi káàdì Medicare wọn (ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú àgbàlagbà) gbowó. Tí oṣù bá parí, a máa ń fi òǹkà ránṣẹ́: ìpàdé mélòó la ṣe, èèyàn mélòó ló wá, wákàtí mélòó la lò. Lóṣù tó kọjá, ìpàdé kan ni mo ní, èèyàn 14. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣe é gbé tábìlì síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó pín bírò àti ìwé pélébé, ó kọ èèyàn 400. Nígbà tá a jókòó ìpàdé, òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Mi ò bínú o. Ó dáa, mo bínú díẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí èèyàn 14 yẹn bí. Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọdún 81. Ó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé, ó ní kí n wá bá òun ka lẹ́tà. Nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé, àpò náílọ́ọ̀nù kan ló gbé jáde, gbogbo lẹ́tà Medicare ọdún kan gbáko, èyí tó ń sọ ìtọ́jú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbowó lé lórí, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò tíì ṣí. Mo ní Bàbá, kí ló dé? Ó ní wọ́n kọ ọ́ sórí wọn gàdàgbà pé kì í ṣe ìwé owó. Ohun tí kì í bá ti í ṣe owó tóun máa san, kí lòun fẹ́ fi ṣe?

A tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì nílé ìdáná. Ilé-iṣẹ́ kan tí Bàbá ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ní ìpínlẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, ti kọ rọ́bà ìtọ̀ (èyí tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ lára ẹni tí kò lè tọ̀ fúnra rẹ̀) sí i lọ́rùn, 200 lóṣù kan ṣoṣo. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Èmi? Èmi tí mò ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tí mò ń fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sílé ìtọ̀?" Wákàtí mẹ́ta la lò lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a tún lo wákàtí kan lórí 1-800-MEDICARE, orin ni wọ́n fi ń dá wa lára yá kí ẹnì kan tó gbé e.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan pe ìyàwó Bàbá, pé àwọn máa fi òwú ránṣẹ́, kí Màmá fi pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó sì dá a padà, wọ́n á fi mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà nínú ìdílé, Medicare ló máa sanwó. Màmá ní, "Mi ò pè yín, ẹ ò gbọdọ̀ pè mí," ó sì já fóònù.

Níbo ni kí n kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù? Níbi tí wọ́n ti bèèrè owó, òdo ni mo kọ. Ṣé ẹnikẹ́ni níbí mọ bí àwọn tó wà lókè ṣe ń wọn iṣẹ́ yìí? Àbí 400 ni wọ́n ń rí, tí wọ́n á sì máa fi 14 ṣe yẹ̀yẹ́?

Akọ̀wé Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni mò ń tẹ òǹkà wọ inú SIRS, ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí SMP ń lò, fún ìpínlẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín jà díẹ̀. Ẹ ní ìpàdé kan, èèyàn 14. Wákàtí mẹ́ta ilé Bàbá ńkọ́? Fóònù ọjọ́ Mọ́ńdè ńkọ́? Ààyè wà fún ìyẹn, lọ́tọ̀ sí ìpàdé: ìjíròrò pẹ̀lú ẹnì kan, tàbí iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá a ṣe. Ó dà bíi pé ẹ ò kọ ọ́ rárá. Iṣẹ́ tó le jù lẹ fi sílẹ̀ láìkà yẹn mà.

Lórí ọ̀rọ̀ owó. Ọdún 1997 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà yẹn sì ni OIG, àwọn tó ń yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ wò, ti ń kó òǹkà rẹ̀ jọ. Ètò 54 ló wà: ìpínlẹ̀ 50, Washington D.C., Puerto Rico, Guam àti Virgin Islands. Wọ́n ń ka owó tí wọ́n retí pé Medicare máa gbà padà, owó tí wọn ò jẹ́ kó jáde rárá, àti owó tí àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ì bá san lápò ara rẹ̀. Kí ẹ tó lè kọ náírà kan, mo fẹ́ sọ dọ́là kan, ìwé gbọ́dọ̀ wà tó fi hàn pé ẹjọ́ tẹ́ ẹ gbé lọ ló bí i. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ ó fi ọ̀rọ̀ Bàbá ránṣẹ́, àwọn tí Medicare gbé ìwádìí fún á pa á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún mìíràn, ó di ọwọ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ọdún á gorí ọdún, kò sì sẹ́ni tó máa padà wá sọ fún yín pé Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó wà nínú rẹ̀. Ọdún mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹjọ́ kan láti ibì kan ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó gbogbo ètò náà. Ẹ ò lè fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́.

OIG náà mọ̀. Ọdọọdún tí wọ́n bá gbé ìròyìn jáde ni wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ètò yìí má gba gbogbo oríyìn tó tọ́ sí wọn, àti pé jìbìtì tí kò wáyé nítorí pé àwọn àgbàlagbà ń yẹ ìwé wọn wò, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè fi kà á. Ajá gbó, olè yí padà. Olè kì í fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Rọ́bà ìtọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní 2023, ó lé ní 450,000 èèyàn tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ́rùn. Nígbà tó di June 2025, ìjọba gbé ẹjọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Operation Gold Rush, ìwé owó tí àwọn ọ̀daràn yẹn fi ṣọwọ́ sí Medicare jẹ́ bílíọ̀nù 10.6 dọ́là. Àwọn tó fi lẹ́tà hàn èèyàn bíi yín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo.

Àkànbí Chicago

Ẹ má bínú sí mi o. Èmi ń san owó orí. Tí ètò kan ò bá lè fi dọ́là hàn, tó sì jẹ́ pé èèyàn 400 tó gba bírò ló fi ń yangàn, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀ pé ó wúlò? "Kò ṣeé kà" yẹn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba ló ń sọ ọ́.

Àdùkẹ́ Atlanta

Bọ̀dá Àkànbí, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún yín. Àwọn kan wá síbi tí àwọn àgbà ti ń jókòó, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ síwèé máa rí ẹni tí yóò máa bá a tún ilé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá mi fọwọ́ sí i. Hospice ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìtọ́jú ẹni tí dókítà ti ní kò lè ju oṣù mẹ́fà lọ láyé. Ìyá tó ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì! Àìsàn ọkàn ni wọ́n sọ pé ó máa pa á, nígbà tá a sì dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn rẹ̀, wọ́n ní Medicare ò ní sanwó, torí ẹni tó bá ti wà ní hospice ti yọwọ́ nínú ìtọ́jú tó lè wo àìsàn yẹn sàn. Ọ̀kan nínú àwọn SMP ló bá wa tẹ ibi gbogbo láago, tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kọkànlá. Dọ́là mélòó nìyẹn? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdo ni wọ́n kọ, bíi ti Ìyá Ìbejì.

Ohun tí wọ́n fi ń de orúnkún náà ńkọ́? Tí ẹnì kan bá ti fi orúkọ rẹ gbà á, ọjọ́ tí orúnkún rẹ bá dùn ọ́ ní tòótọ́, wọ́n lè ní o ti gba tìẹ, kó o dúró kí àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ pé.

Akọ̀wé Baltimore

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Àkànbí ò jẹ̀bi tán. 400 yẹn ń bí èmi náà nínú, èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Àròsọ ló pọ̀ nínú iye èèyàn tó dé ibi tábìlì. Bó bá jẹ́ tèmi ni, mà á ní kí wọ́n pe èèyàn mẹ́wàá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ṣé ẹ ti ṣí lẹ́tà Medicare tó dé kẹ́yìn? Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù, kò sì ní kẹ́ ẹ má ṣe é.

Ìyá Ìbejì Houston

Mo padà dé. Akọ̀wé, ìjà yín dé ibi tó yẹ. Mo wo ìwé àjákọ tí mo fi ń kọ orúkọ, fóònù 23 ni mo ti bá àwọn èèyàn sọ lóṣù méjì tí mi ò fi ránṣẹ́. Mo bi ọ̀gá wa, ó ní èyí tó bá jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Medicare nìkan ni kí n kọ. 17 ló kù. Ó ní kí ló dé tí mi ò ti sọ? Mo ní mo rò pé kíkí ni.

Mo sì pe àwọn 14 yẹn bẹ́ ẹ ṣe wí. Mẹ́sàn-án ló gbé e. Márùn-ún ti ṣí lẹ́tà wọn. Mẹ́rin ní àwọn máa ṣí i (ẹ mọ irú "máa" yẹn). Nínú márùn-ún, ìyá kan ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan: wọ́n kọ ọ́ pé òun gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ ní Houston níbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan, oṣù yẹn gan-an ló sì wà ní Abẹ́òkúta níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn náà, bóyá àṣìṣe ni. Ó pè wọ́n, wọ́n já fóònù mọ́ ọn létí.

Ó ti bá mi wá páṣípọ́ọ̀tù, èdìdì Múrítàlá wà níbẹ̀ rekete. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni màá lọ sílé rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, aago tí mo bá wọlé àti aago tí mo bá jáde ni màá kọ.