Ẹ̀rọ etí wo ni kí n rà fún màámi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Màámi, ẹni ọdún 71, ń ta èlùbọ́ ní Tákíè. Etí wọn ti ń di. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, oníbàárà ní kóńgò mẹ́ta lòun fẹ́, màámi bá wọn mẹ́fà. Ojú tì wọ́n débi pé wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan láìṣàyẹ̀wò. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta ló ń gbé sókè ju ọ̀rọ̀ èèyàn lọ. Wọ́n yọ ọ́ sọnù.

A ti wá ṣàyẹ̀wò báyìí: ìró gbọ́dọ̀ lé ní 60 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ń lọ sókè) kí etí wọn méjèèjì tó gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí la fẹ́ rà, ó sábà máa ń lágbára ju èyí tó ń wọ ihò etí lọ. Bátìrì ló ń dà mí láàmú. Ọwọ́ màámi ń gbọ̀n, bátìrì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 13 sì kéré bíi hóró ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sì máa ń tán. Èyí tí wọ́n ń sáàjì ìbá dáa, ṣùgbọ́n bí iná ò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?

Ẹ̀yin tí òbí yín ń lò ó, èwo lẹ yàn? Níbo lẹ ti ń ra bátìrì, Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí ni àbí Ìbàdàn?