Index já, báǹkì ń gòkè: kí ló fà á?

OníṣíàTuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọjà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí All-Share Index, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí gbogbo ọjà ṣe ń lọ hàn, máa ń já ní NGX, ọjà ìpín Nàìjíríà l'Ékòó, síbẹ̀ tí Zenith, GTCO àti Access á máa gòkè. Ṣebí inú ọjà kan náà ni gbogbo wọn wà? Ṣé ká kówó sí báǹkì nìyẹn, àbí ẹ̀tàn ni?

Ìṣirò_Lójú:
Kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò Index náà. Wọn kì í ka iye ilé-iṣẹ́ tó gòkè àti iye tó já. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni agbára rẹ̀ ṣe tó nínú rẹ̀, Dangote Cement, MTN, Airtel Africa àti BUA Foods sì wà lára àwọn tó tóbi jù. Ká ní ọ̀kan kó ìdá 15 nínú 100, tó sì já ní 10%, ìyẹn ibi tí òfin gbà kó já dé lóòjọ́. Òun nìkan ti fa Index wálẹ̀ ní 1.5%. Bí gbogbo báǹkì lápapọ̀ bá kó ìdá 15 tí wọ́n sì gòkè ní 4%, 0.6% péré ni wọ́n dá padà. Index á já ní 0.9%, redio á ní "ọjà dẹnu kọlẹ̀". Airtel gan-an, ìpín rẹ̀ díẹ̀ ló ń yí lọ́wọ́ ní Èkó, síbẹ̀ ó lè da gbogbo Index rú. NGX Banking Index ni kẹ́ ẹ máa wò.

Alágbàtà_Marina:
Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ ìdí tí báǹkì fi gòkè. Èlé ló fà á jù. Ní Tokyo, lọ́jọ́ 20 Oṣù Kejìlá 2022, Báǹkì Àpapọ̀ Japan ṣàdédé gbé ààlà èlé bọ́ǹdì (ìwé gbèsè ìjọba) ọlọ́dún mẹ́wàá láti 0.25% lọ sí 0.5%. Nikkei, òǹkà ọjà ìpín wọn, já ní bíi 2.5%, nítorí owó yen le, dọ́là tí àwọn tó ń ta mọ́tò sókè òkun ń pa sì dínkù lójú owó ilé. Mitsubishi UFJ àti àwọn báǹkì yòókù gòkè lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é. Oníbàárà fi ₦100 bílíọ̀nù pamọ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, CBN, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí àwọn báǹkì oníṣòwò fi ìdá 50 nínú 100 owó oníbàárà sọ́dọ̀ òun láìsí èlé; ní Oṣù Kẹsàn-án 2025 ló dín in kù sí 45. Ká fi 50 yẹn ṣírò: ₦50 bílíọ̀nù ló kù láti yá èèyàn. Ní 20%, ₦10 bílíọ̀nù wọlé. Wọ́n san 4% fún oníbàárà lórí gbogbo ₦100 bílíọ̀nù náà, ₦6 bílíọ̀nù ṣẹ́kù. Bí èlé ẹ̀yáwó bá di 27% tí ti oníbàárà di 6%, ₦13.5 bílíọ̀nù á wọlé, ₦6 bílíọ̀nù á jáde, ₦7.5 bílíọ̀nù á ṣẹ́kù. Oníbàárà tuntun kankan ò wọlé o! Èlé yẹn kan náà ló ń fún ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè lọ́rùn, òun náà ló ń mú kí àwọn èèyàn ta ìpín wọn láti fi ra treasury bills, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba ọlọ́jọ́ kúkúrú.

Má_Kánjú:
Ẹni tuntun ò gbọdọ̀ torí èyí sáré rà. Nígbà tí náírà kúrò ní bíi ₦470 sí dọ́là kan tó sì kọjá ₦700 ní Oṣù Kẹfà 2023, àwọn báǹkì tí dọ́là wọn ju gbèsè dọ́là wọn lọ kọ èrè gọbọi sínú ìwé. Orí ìwé ni. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, CBN ní wọn ò gbọdọ̀ fi san èrè fún onípìn-ín. Lọ́dún 2024, ìjọba gbé owó orí 70% lé èrè pàṣípààrọ̀ báǹkì.

Èlé tó ga náà ń pa báǹkì. Silicon Valley Bank ní Amẹ́ríkà ra bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn nígbà tí èlé kéré. Èlé gòkè, iye bọ́ǹdì náà já, ó ta $21 bílíọ̀nù rẹ̀ ní àdánù $1.8 bílíọ̀nù, àwọn oníbàárà sá wá gbowó wọn, wọ́n sì tì í pa ní 10 Oṣù Kẹta 2023. Tokyo yẹn náà, ní 5 Oṣù Kẹjọ 2024 tí Nikkei já ní 12.4%, báǹkì já jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ̀rù bá ti ń ba ọjà pé ọrọ̀ ajé fẹ́ dojú dé, èlé gíga ò gba báǹkì sílẹ̀ mọ́.

OníṣíàTuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni. Kí ni kí n máa wò nínú ìwé ìṣirò wọn?

Alágbàtà_Marina:
Ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wọn wà lórí ìkànnì NGX. Wá èrè tó wá látinú yíyí dọ́là padà sí náírà, kó o yọ ọ́. Bí èrè bá jẹ́ ₦300 bílíọ̀nù, tí ₦180 bílíọ̀nù sì wá látibẹ̀, ₦120 bílíọ̀nù ni kó o fi díwọ̀n iye ìpín. Wo ìdá tí current account àti savings kó nínú owó oníbàárà. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe pọ́ọ́kú fún báǹkì tó. Kó o wá wo ìlà impairment, ìyẹn gbèsè tí wọn ò retí pé á padà mọ́. Bí ìyẹn bá ń yára pọ̀ ju èlé tó ń wọlé lọ, má ra báǹkì yẹn.

Ìṣirò_Lójú:
Kó o sì ka iye ìpín tó wà níta. Owó ìdásílẹ̀ tuntun tí CBN béèrè ní 2024, ₦500 bílíọ̀nù fún báǹkì tó ń ṣòwò délẹ̀ òkèèrè, mú kí ọ̀pọ̀ wọn ta ìpín tuntun. Èrè lápapọ̀ lè pọ̀ sí i, kí ti ìpín kọ̀ọ̀kan sì dínkù.