Ṣé èèyàn lè wọ aṣọ oorun lọ jẹ bíréfáàsì ní hòtẹ́ẹ̀lì?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, a lọ ìnáwó n'Íbàdàn, mo wọ pijámà sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, nẹ́ẹ̀tì irun ṣì wà lórí mi, wétà wá ń wò mí bí ẹni pé mo jí ẹyin. Kí ni mo ṣe?

Ajẹunjẹ̀ka: Ẹ ò ṣe nǹkan kan mà, ṣebí ẹ sanwó.

Àbúrò Yín: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, pijámà tó bo ara ò burú, nẹ́ẹ̀tì yẹn ni ò dáa, ẹ ò bá tiẹ̀ ró ìró lé pijámà náà.

Ará London: Ní 2010, súpámákẹ́ẹ̀tì Tesco kan ní Cardiff, ní UK níbí, ní káwọn oníbàárà má wọ aṣọ oorun wá mọ́, ọjà lásán nìyẹn o!

Ìyá Ìbejì: Háà. Ẹyin ọ̀hún gan-an tutù.